Lẹ́yìn Àmín

Bí àdúrà ṣe máa ń parí láàárín wa, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Olùdarí á ní ká ṣe "Àmín" méje, ìkeje á mi òrùlé, oníkálùkù á nu òógùn ojú, á ká Bíbélì rẹ̀, á wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dilé. A ti rojọ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí: ọmọ kan lọ kí bàbá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó to gbogbo ohun tó ń fẹ́ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bó sì ti sọ èyí tó gbẹ̀yìn tán, ó dìde, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó lọ. Bàbá ò tíì la ẹnu. Àwọn tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ á máa bi ara wọn pé ta ló tọ́ ọmọ yìí.

Àdúrà ìdákẹ́jẹ́ ni ìjókòó tí ọmọ yẹn ì bá jókòó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ sọ, ìṣẹ́jú mélòó ni, kí ló sì máa ń bà á jẹ́. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni pa àdúrà olóhùn òkè tì o. Bátíméù, afọ́jú ẹnu ọ̀nà Jẹ́ríkò nínú Máàkù orí 10, igbe ló ké. Wọ́n ní kó panu mọ́, ó tún ké ju ti àkọ́kọ́ lọ, igbe yẹn náà ló sì mú Jésù dẹsẹ̀ dúró. Ẹni tó bá ní igbe ò dára, kò ka ibẹ̀ dáadáa. Àmọ́ bí Jésù ti dúró, ìbéèrè ló bi í: kí lo fẹ́ kí n ṣe fún ọ? Kí èèyàn tó lè gbọ́ ìbéèrè yẹn, àfi kó dákẹ́ igbe ná. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa kì í dé.

Àwọn kan máa ń fura sí ìdákẹ́ yìí. Wọ́n ní ti àwọn ará Íńdíà ni, wọ́n ní ẹni tó bá sọ ọkàn rẹ̀ di òfìfo, ohun tí kò pè á wọlé. Ẹ̀rù wọn ní ìdí, ṣùgbọ́n ọkàn òfìfo kọ́ là ń wá. Ẹnìkan là ń fetí sí, a sì mọ orúkọ Rẹ̀. Nǹkan náà kì í sì í ṣe tuntun. Ní aṣálẹ̀ Íjíbítì, ó lé ní 1,600 ọdún sẹ́yìn, àwọn mọ́ńkì tí wọ́n sá kúrò láàárín ìlú ń ṣe é. John Cassian, tó lọ gbé lọ́dọ̀ wọn, kọ ohun tí àgbà kan tó ń jẹ́ Abba Isaac fi kọ́ ọ sílẹ̀: ẹsẹ kan ṣoṣo, ìbẹ̀rẹ̀ Orin Dáfídì 70, kó máa wà lẹ́nu èèyàn nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, nígbà tó bá ń rìn, nígbà tí oorun bá ń kùn ún, nígbà tí inú bá ń bí i. Ẹni tó bá ti lọ ìsìn ìrọ̀lẹ́ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ti dá ẹsẹ náà lóhùn láìmọ ibi tó ti wá. Àlùfáà á ní, "Ọlọ́run, yára láti gbà wá là." Ìjọ á dáhùn pé, "Olúwa, yára láti ràn wá lọ́wọ́." Àdúrà aṣálẹ̀ ló ń bọ̀ láti ẹnu àwọn ìyá ìjọ yẹn.

Bíbélì Yorùbá, tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884 lẹ́yìn iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí Samuel Ajayi Crowther ṣíwájú rẹ̀, pe ohun tí à ń sọ yìí ní àṣàrò. (Kì í ṣe àsáró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èyí tó fẹ́ ìkánjú nínú méjèèjì.) Tí a bá gbọ́ àṣàrò, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ká fọwọ́ lérán ká máa ronú. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà lábẹ́ rẹ̀ nínú Jóṣúà 1:8 àti Orin Dáfídì 1:2 ní ẹnu nínú. Hagah ni. Òun náà ni wọ́n lò nínú Aísáyà 31:4 fún kìnnìún tó ń kùn lórí ẹran tó pa, àti nínú Aísáyà 38:14 fún àdàbà tó ń ké. Àṣàrò inú Bíbélì a máa dún, nígbà náà. Ohùn ìsàlẹ̀ ni, èyí tí etí ẹni nìkan ń gbọ́, tí ẹni tó wà ní yàrá kejì ò ní mọ̀ sí.

Guigo Kejì, olórí ilé àwọn mọ́ńkì Grande Chartreuse lórí òkè ilẹ̀ Faransé ní ọ̀rúndún kejìlá, to iṣẹ́ yìí bí àkàbà onípele mẹ́rin: kíkà, àṣàrò, àdúrà, lẹ́yìn náà ìdákẹ́ níwájú Ọlọ́run. Lectio divina ni wọ́n ń pè é ní èdè Látìn. Oúnjẹ ló fi ṣàpèjúwe. Kíkà ló bu òkèlè sẹ́nu, àṣàrò ló ń rún un, àdúrà ló ń wá adùn rẹ̀ yọ, ìdákẹ́ ni adùn náà fúnra rẹ̀. Àwọn mọ́ńkì ìgbà yẹn tiẹ̀ fẹ́ràn láti sọ pé àpọ̀jẹ làwọn ń jẹ, bíi ti àwọn ẹran inú Léfítíkù. Ẹni tó bá ti wo ewúrẹ́ lábẹ́ igi lọ́sàn-án mọ ohun tí wọ́n ń wí. Kò sí koríko níwájú rẹ̀, kò sí èèpo iṣu, ẹnu rẹ̀ sì ń lọ. Ohun tó já jẹ ní ìkánjú láàárọ̀ ló ń dá padà díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ á rọ̀, kò sì ní gbéra kúrò níbẹ̀ àfi tí ọmọ kan bá lé e.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ìjókòó. Àga tó ní ẹ̀yìn ló dára jù, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí ọwọ́ sinmi lórí itan. Ìkúnlẹ̀ dára, àmọ́ tó bá di ìṣẹ́jú kẹjọ, orúnkún á gba àdúrà náà mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì; ara ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, yóò sì ṣe é. Ogún ìṣẹ́jú tó. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó fi mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó má sì fi kún un lọ́jọ́ tó bá dùn mọ́ ọn, nítorí ọjọ́ tí kò ní dùn ń bọ̀, wákàtí kan tó ti sọ di ẹ̀jẹ́ á wá di ẹrù. Ìdájí ló rọrùn fún ọ̀pọ̀, kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, kí ọmọ tó jí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, kó wá àkókò tirẹ̀. Kò sí òfin kan tó ní aago márùn-ún mọ́ ju aago mọ́kànlá lọ. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kó jẹ́ àkókò kan náà, lórí àga kan náà. Ara jẹ́ ẹranko tí ń kọ́ ọ̀nà. Tó bá fi máa di oṣù kan, bí ìdí bá ti kan àga yẹn, èémí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ariwo ò ní tán ní tirẹ̀. Ti mọ́ṣáláṣí á parí, ti ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì títì á bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń ta búrẹ́dì á kọjá. Ẹ má ba a jà. Ariwo tí èèyàn ò dúró de ìparí rẹ̀, kì í pẹ́ tó fi máa bọ́ sẹ́yìn etí. Èyí tí èèyàn ń bínú sí ló máa ń fa àga tì í.

Fóònù nìkan ni mi ò ní gbà. Bíbélì inú fóònù dára fún wíwá ẹsẹ, kò dára fún èyí, nítorí ilé kan náà lòun àti WhatsApp jọ ń gbé. Ẹ lo Bíbélì oníwèé. Bó bá jẹ́ ti àtijọ́, tí àmì ohùn ò pé lórí rẹ̀, ẹ má kanra, ó wúlò níhìn-ín. Ojú ò lè sáré lórí rẹ̀. Ẹ ó dúró lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ ó bi í bóyá òkè ni tàbí ìsàlẹ̀, ẹ ó padà sẹ́yìn kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìfàsẹ́yìn kékeré yẹn gan-an ni àwọn mọ́ńkì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́. Tí ẹ bá fẹ́ aago, ti ilé ìdáná tó ń dún tìn-ín ti tó. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ojú má máa wo aago.

Ẹsẹ mélòó? Ibí ni àṣìṣe tó pọ̀ jù ti ń wáyé. Ètò kíka Bíbélì tán lọ́dún kan ní iyì tirẹ̀, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn. Fún èyí, ẹsẹ márùn-ún sí mẹ́jọ, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú un láti inú Ìhìnrere tàbí Orin Dáfídì fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹ fi ìtàn ìran inú Nọ́ńbà àti àwọn ẹranko inú Ìfihàn sílẹ̀ ná. Ẹ yan ibi tí ẹ máa kà láti alẹ́ àná, nítorí ẹni tó bá ń ṣí ìwé kiri láàárọ̀ láti wá "ibi tó máa bá mi wí," ogún ìṣẹ́jú á ti lọ kó tó rí i.

Ká mú Bátíméù náà, Máàkù 10:46 sí 52. Ẹsẹ méje. Ẹ kà á sókè, ní ohùn tí ẹ fi ń bá ẹni tó jókòó tì yín sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí èémí kan kọjá níbi tí àmì ìdánudúró bá wà. Ẹ tún un kà. Ní ẹ̀ẹ̀kejì yìí, ẹ má wá ìtumọ̀ kankan. Ẹ kàn máa wò ó bóyá ọ̀rọ̀ kan á fà yín láṣọ. Lọ́jọ́ kan ó lè jẹ́ aṣọ tí afọ́jú náà sọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, àwọn èèyàn tí wọ́n ní kó dákẹ́, tí àwọn kan náà wá ń sọ fún un pé dìde, ó ń pè ọ́. Ká ní "ó ń pè ọ́" ló mú yín. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin tí ẹ ti lò lọ.

Ẹ pa ìwé dé, ẹ fi ìka sí i. Ẹ máa kùn ún: ó ń pè ọ́. Ẹ jẹ́ kí ohùn òkè tó wà lórí "ọ́" yẹn kan ara yín. Ẹ̀yin ni, kì í ṣe ẹni tó wà lẹ́yìn yín. Nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í wá fúnra rẹ̀: orúkọ tí ìyá yín fi ń pè yín nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ìpè kan tí ẹ ti ń sá fún láti oṣù tó kọjá, ẹni tó sọ fún yín nígbà kan rí pé ohùn yín ti pọ̀ jù. Ẹ gbà wọ́n wọlé, kí ọ̀rọ̀ náà máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́fà, méje. Tó bá di ibì kan, kíkùn yẹn á fẹ́ di ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ bá Ọlọ́run sọ. Ẹ sọ ọ́. Ẹ má fi èdè ìsìn wọ̀ ọ́ láṣọ. Bí ó bá jẹ́ "ẹ̀rù ń bà mí láti dìde" ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wí. Tí ọ̀rọ̀ bá tán, ẹ má wá òmíràn. Ẹ dákẹ́. Ìṣẹ́jú tó kù, ẹ jókòó bí ìgbà tí èèyàn méjì tó mọ ara wọn bá jókòó níwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́, tí kò sí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ sọ nínú wọn. Nígbà tí aago bá dún, "Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run," ní pẹ̀lẹ́, kí ẹ tó dìde.

Àwọn tó máa ń ṣòro fún jù ni oníwàásù àti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Bí wọ́n ti ń ka ẹsẹ kẹta, ọwọ́ ti ń wá bírò. Tí ẹ bá ti rí kókó mẹ́ta, tí gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan náà, ẹ ti kúrò nínú àdúrà, ìwàásù ọjọ́ Sunday lẹ ti ń sè. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan, ẹ fi sábẹ́ àga, ẹ padà. Àṣìṣe kejì ni ká ka ọ̀rọ̀ náà fún ẹlòmíì: "Ì bá dára kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ibí yìí." Ẹ jẹ́ kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín ka Bíbélì tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni wíwá àmì. Èèyàn á jókòó, á máa retí kí ara òun bù ṣìì, kí òun rí ìmọ́lẹ̀, tí kò bá sì rí nǹkan kan, á ní òun ò gbà á dáadáa. Ó pọ̀ jù nínú ìjókòó wọ̀nyí tí nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀ nínú wọn. Èso rẹ̀ kì í hàn lórí àga. Inú mọ́tò lọ́sàn-án, nígbà tí kọ̀ndọ́kítọ̀ ò fún yín ní ṣéńjì, lẹ ó ti rí i bóyá ó ń so.

Ọkàn á sá lọ. Ọ̀rọ̀ owó ilé á wá, ẹran tí ẹ gbàgbé síta á wá, orin ìpolówó ọjà á wá. Ẹnìkan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, tí kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ní kí èèyàn mú ọ̀rọ̀ kékeré kan dání fún irú àkókò yìí, ó dára jù bí kò bá ju sílébù kan lọ. Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ orúkọ ò fi bẹ́ẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe wa kún fún un: wá, gbà, wò. "Bàbá" náà dára, "Jésù" náà dára. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn mọ́ńkì mẹ́ta ní St. Joseph's Abbey ní Spencer, ìpínlẹ̀ Massachusetts, William Meninger, Basil Pennington àti Thomas Keating, fi ìmọ̀ràn yẹn ṣe ètò tó rọrùn fún àwọn tí kì í ṣe mọ́ńkì: ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyí tí a kì í pè léraléra bí kò ṣe nígbà tí a bá rí i pé a ti lọ jìnnà. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nípa Keating pé obìnrin kan wá bá a, ó ní òun ti bà á jẹ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èrò ló gba ọkàn òun kọjá ní ogún ìṣẹ́jú. Ó ní ó mà dára o, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá àyè láti padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Ìpadà yẹn ni iṣẹ́ náà. Mo rò pé òun gan-an la kì í tètè gbà, nítorí a ti fi àdúrà ṣe ohun tí à ń borí. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi agbára dá ọkàn dúró, orí ló máa fọ́ ọ. Bí ọmọ ọdún méjì bá ń sá lọ sí ojú títì, ìyá rẹ̀ kì í dúró kó máa bá a ṣe àríyànjiyàn. Á lọ mú un lọ́wọ́, á dá a padà, nígbà ogún tí ó bá yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí "ṣé o tún ti lọ." Èébú yẹn náà jẹ́ èrò tuntun tó tún gbé yín lọ.

Ti oorun ńkọ́? Bó bá jẹ́ ìgbà gbogbo, ẹ kò sùn tó lóru nìyẹn, oorun lẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àṣàrò. Ẹ bomi sójú, ẹ la ojú sílẹ̀, tàbí kí ẹ sún un sí àkókò mìíràn. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ṣe ẹ̀rín. Thérèse ti Lisieux, obìnrin ilé ìsìn ará Faransé tó kú ní 1897, a máa sùn lórí àdúrà rẹ̀, ó sì ní òbí fẹ́ràn ọmọ tó ń sùn bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó bá jí.

Èyí tí wọ́n fi ń rìn lójú ọ̀nà ni àdúrà tí àwọn ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ń pè ní Àdúrà Jésù: "Olúwa Jésù Kristi, Ọmọ Ọlọ́run, ṣàánú fún mi, èmi ẹlẹ́ṣẹ̀." Igbe Bátíméù wà nínú rẹ̀, ohùn agbowó òde inú Lúùkù 18:13 náà wà nínú rẹ̀. Ní Òkè Athos ní ilẹ̀ Gíríìsì, níbi tí àwọn mọ́ńkì wọn ń gbé, okùn onírun àgùntàn ni wọ́n fi ń tẹ̀ lé e, kókó 100 ni ó sábà máa ń ní, ìka á máa sún láti orí kókó kan sí èkejì. Ìka mẹ́wàá náà ṣe é. Tí ìlà bá gùn ní báǹkì, tí mọ́tò bá dúró gbagidi lórí afárá, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ èémí. Àwọn kan á so ó mọ́ mímí: wọ́n á fa apá kìn-ín-ní wọlé, wọ́n á mí apá kejì síta. Bó bá wá fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wá, àmọ́ ẹ má fi ipá mú èémí. Àwọn àgbà Ọ́tódọ́ọ̀sì fúnra wọn máa ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ọ lóun nìkan láìní olùtọ́nisọ́nà, òòyì á kàn máa kọ́ onítọ̀hún ni.

"Ṣùgbọ́n Jésù ní ká má ṣe àtúnwí asán." Òótọ́ ni, Mátíù 6:7. Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí gbólóhùn yẹn ni "asán". Jésù náà, ní Gẹtisémánì, lọ gbàdúrà ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó tún sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Mátíù 26:44 ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Orin Dáfídì 136 sọ pé àánú Rẹ̀ dúró láéláé ní ìgbà 26, nínú ẹsẹ 26. Ohun tó ń sọ àtúnwí di asán ni ká máa kà á fún Ọlọ́run bí ẹni ń ka owó, pé mo ti pé ẹgbẹ̀rún kan, ó kù tiRẹ. Bí okùn yín bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun tí ẹ fi ń fọ́nnu, ẹ gbé e sínú àpótí fún oṣù kan.

Lálẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ignatius ti Loyola, tó dá ẹgbẹ́ Jésúìtì sílẹ̀, pín àyẹ̀wò ọjọ́ sí márùn-ún: ká dúpẹ́, ká bẹ Ọlọ́run kí Ó là wá lójú sí àṣìṣe wa, ká rin ọjọ́ náà padà ní wákàtí-wákàtí, ká tọrọ ìdáríjì, ká wo ọjọ́ ọ̀la. Ọpẹ́ ló ṣáájú, ẹ má yí i padà. Ẹni tó bá fi ẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á sọ ọ́ di ilé ẹjọ́, òun ni ọlọ́pàá, òun ni adájọ́, òun náà ni ẹni tí wọ́n ń nà. Ọpẹ́ náà kó ní ojú àti imú: kì í ṣe "mo dúpẹ́ fún ẹ̀mí," bí kò ṣe ìyá àgbàlagbà tó sún fún mi nínú bọ́ọ̀sì, iná tó dé kí ẹja tó bàjẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń rin ọjọ́ náà, ẹ dúró níbi méjì péré, ibi tí ọkàn yín ti fẹ̀ àti ibi tó ti fún pọ̀. Ẹ ṣe é lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kó tó di orí ìrọ̀rí.

Ìṣòro kan wà tí àwọn ará aṣálẹ̀ mọ̀ jù wá lọ. Evagrius, tó kú ní Íjíbítì ní 399, sọ bó ṣe máa ń rí: láti nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, á dà bíi pé oòrùn ti dúró sójú kan. Mọ́ńkì á máa yọjú lójú fèrèsé, á jáde wo bí ó ti kù tó kí àkókò oúnjẹ tó pé, á bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra yàrá rẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, á máa rò pé kò sí ẹni tó fẹ́ràn òun níbí, pé ibòmíì ló ti máa dára. Wọ́n ní ẹ̀mí èṣù ọ̀sán gangan ni, wọ́n so ó mọ́ Orin Dáfídì 91:6. Àwa náà ní tiwa, ó sábà máa ń dé ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án. Lójijì ẹ ó rántí pé ó yẹ kí ẹ pe ẹnìkan kíákíá, pé àdúrà tó wúlò jù ni ti ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, pé ẹ̀yin tiẹ̀ kọ́ ni irú nǹkan yìí wà fún. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún ara wọn ò lẹ́wà rárá: dúró sínú yàrá rẹ. Ẹ parí ìṣẹ́jú tí ẹ dá, ẹ má fi ẹyọ kan kún un, ẹ má yọ ọ̀kan kúrò.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni mo máa sọ fún pé kó jókòó, o. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ bá, ẹni tí nǹkan burúkú ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ẹni tí ìrònú ti wọ̀ lára tó fi di àìsàn, ìdákẹ́ lè ṣí ilẹ̀kùn tí kò ní lè tì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó la ojú sílẹ̀, kó máa fi Àdúrà Jésù rìn, ìṣẹ́jú márùn-ún tó, kó sì rí dókítà àti ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀. Ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ náà, kó fi ogún ìṣẹ́jú sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Brother Lawrence, ará ilé ìsìn àwọn Kámẹ́láìtì ní Paris tó kú ní 1691, ilé ìdáná ló ti ń gbàdúrà. Ó ní tí òun bá ń yí ẹyin inú páànù, nítorí ìfẹ́ Ọlọ́run lòun ṣe ń yí i. Ẹni tó bá ń dín àkàrà mọ̀ pé àyè díẹ̀ wà láàárín ìgbà tí a da ọ̀kan sínú epo àti ìgbà tí a yí i padà. Ẹsẹ kan gba ibẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, gbogbo rẹ̀ lè gbẹ. Ẹsẹ tó ń fà yín láṣọ tẹ́lẹ̀ á dà bí ìwé owó iná. Kí ẹ tó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ wo ohun mẹ́ta tí Jòhánù ti Àgbélébùú, Kámẹ́láìtì ará Sípéènì, ní ká wò: bóyá nǹkan Ọlọ́run ò dùn mọ́ yín, tí nǹkan ayé náà ò sì dùn mọ́ yín, bóyá ó ń dùn yín pé ẹ ń fà sẹ́yìn, bóyá àṣàrò bí ẹ ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ kò ṣe é ṣe mọ́. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ má fi ipá rún ohun tí kò sí lẹ́nu. Ẹ kàn jókòó, kí ojú wà lára Rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù àti fíìmù ṣì ń dùn dáadáa, tó jẹ́ pé àdúrà nìkan ló gbẹ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ tètè máa sùn.

Teresa ti Ávila, obìnrin Kámẹ́láìtì tó jẹ́ ọ̀gá fún Jòhánù yìí, fi ọgbà ṣe àkàwé. Ọ̀nà mẹ́rin ló ní omi ń gbà dé ibẹ̀: ká fi garawa fà á nínú kànga, ká fi àgbá kẹ̀kẹ́ gbé e, kí odò ṣàn gbà á kọjá, kí òjò rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ nípa ti kànga ló yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ̀. Ó ní ọjọ́ ń bẹ tí olùṣọ́gbà á sọ garawa sísàlẹ̀ léraléra tí kò ní gbé nǹkan kan bọ̀, tí apá tiẹ̀ lè máà gbé okùn mọ́. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó, ẹ ka ẹsẹ kan, ẹ jẹ́ kí aago dún, ẹ gba "Bàbá wa," kí ẹ máa lọ síbi iṣẹ́.